Họ́ọ̀sì epo bóòtì mi ti ń jò! Irú èwo ni ethanol kò ní lè jẹ? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá

Táyọ̀ Seabrook · Ọjọ́rú, 6:42 ìrọ̀lẹ́
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Inú bóòtì mi ń rùn bẹntiróòlù. Mo fọwọ́ kan họ́ọ̀sì epo, ó ti rọ̀, dúdú ara rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Wọ́n ní ethanol, ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo, ló ń jẹ ẹ́. Irú èwo ni kí n rà, ibo ni mo sì ti lè rí i kíákíá? Àlejò ń bọ̀ láti Dallas, Sátidé la fẹ́ jáde. Ẹ ṣé.

Ṣadé Clear Lake · 7:05
Táyọ̀, pẹ̀lẹ́. Kó o tó ra ohunkóhun, má ṣí kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnì yẹn o. Ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń lọ dúró sí, iná bíńtín láti ara suwíìṣì sì tó láti gbé e. Ṣí gbogbo ìdérí sílẹ̀ kí atẹ́gùn wọ ibẹ̀ dáadáa. Má tíì fọwọ́ kan wáyà bátìrì títí òórùn yẹn yóò fi lọ tán, nítorí wáyà náà lè ta iná bó o bá ń tú u. Epo tó bá ti kán sílẹ̀, aṣọ tó ń mu epo ni kó o fi gbé e. Má jẹ́ kí pọ́ńpù ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tu ú sínú omi.

Lẹ́yìn náà, sọ fún wa: ẹ́ńjìnì wo? Ọdún wo? Ṣé táǹkì abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni àbí èyí tó ṣeé gbé? Ibo gan-an ló rọ̀: láti táǹkì dé fílítà, láti fílítà dé ẹ́ńjìnì, àbí họ́ọ̀sì ńlá tí à ń rọ epo gbà?

Bàbá Ìbejì Pearland · 7:31
Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára họ́ọ̀sì ni kó o kà. Bí kò bá sí "USCG" (Ẹ̀ṣọ́ Etíkun Amẹ́ríkà) àti "SAE J1527" (ìlànà họ́ọ̀sì epo ọkọ̀ ojú omi) lára rẹ̀, fi í sílẹ̀ lórí káńtà. Lẹ́tà ló kàn. A ni èyí tí wọ́n ti fi iná dán wò, tó fara da iná fún ìṣẹ́jú 2½. B kò ní ìdánwò iná. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ń sọ bí ooru epo ṣe ń la ara họ́ọ̀sì kọjá: 2 lè tó gíráàmù 300 lórí mítà onígun mẹ́rin kan lójúmọ́, 1 kò gbọdọ̀ ju 100 lọ. Bó o bá rí "-15" ní ìparí, gíráàmù 15 ni òpin rẹ̀, epo tó ní ethanol ìdá 10 nínú 100 ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n. Èyí ni ìwọ ń wá.

Abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀: A1-15. Gbangba láàárín ìdí ọkọ̀ àti outboard (ẹ́ńjìnì tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀): B1-15 tó. Họ́ọ̀sì ìrọ epo, oníhò íńṣì 1½: A2 tàbí A1-15. Họ́ọ̀sì tí táǹkì ń gbà mí, 5/8: bákan náà. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ sì ni òórùn pọ̀ níbẹ̀.

Ìdí tí tìrẹ fi rọ̀ ni pé rọ́bà àtijọ́ kò ní ìpele ike nínú. Ethanol ń wọ ara rẹ̀, ó ń wú u, ó sì ń fa ohun tó mú kó rọ́kú jáde. Bó bá gbẹ tán, á le, á sì sán. Fi aṣọ funfun nu ara họ́ọ̀sì tó o bá rò pé ó ṣì dára, kó o gbóòórùn aṣọ náà. Bí aṣọ bá ń rùn epo, họ́ọ̀sì yẹn ti parí.

Kúnlé Alvin · 8:10
Ẹ sọ fún un kó má ra họ́ọ̀sì aláwọ̀ eérú tí wọ́n ti so primer (rọ́bà róbótó tí à ń fi ọwọ́ tẹ̀ láti fa epo) mọ́ lára, èyí tó ń lọ ní owó pọ́ọ́kú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ba ẹ́ńjìnì 90 mi jẹ́, two-stroke oní-kábúrétọ̀ mẹ́ta. Lóde ara rẹ̀ kò sí ẹ̀bi kankan. Ìpele ike inú rẹ̀ ló ṣí kúrò lára rọ́bà, bí ẹ́ńjìnì bá sì fa epo gidi, ike náà á pa ara rẹ̀ dé. Bí ẹ bá ń rọra lọ, kò ní hàn. Ẹ ki í mọ́lẹ̀, epo kò tó, iná inú sìlíńdà gbóná jù, pístìn òkè lu. Oṣù méje péré ni họ́ọ̀sì yẹn lò. Ẹni tó tà á fún mi ní epo tí mo ń rà ló fà á, kò dá kọ́bọ̀ padà.

Eléérú? Ẹ má rà á rárá.

Bísọ́lá Kemah · 8:24
Ha, ẹ̀gbọ́n Kúnlé! Eléérú ló wà lára tèmi báyìí o. Ṣé kí n yọ ọ́ ni?

Múfú Texas City · 8:29
Yọ ọ́ lónìí. Mo ti rí mẹ́ta tó ṣe bẹ́ẹ̀ létí Dike, ògiri ìdènà omi Texas City. Primer á máa fún ara rẹ̀ pọ̀ bí ẹ bá ń sáré. Bí ẹ bá ti rí i tó fún báyìí, ohun kan ti dí láàárín primer àti táǹkì.

Dọ̀tun League City · 8:47
Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Bó bá jẹ́ họ́ọ̀sì ló pa ara rẹ̀ dé, sìlíńdà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ebi epo ìbá pa. Ọ̀kan ṣoṣo ló lu. Ojú ihò kábúrétọ̀ òkè ló dí pẹ̀lú epo tó ti di gọ́ọ̀mù. E10 (epo tó ní ethanol ìdá 10 nínú 100) tó bá jókòó láìlò fún oṣù mélòó kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kúnlé Alvin · 8:55
Dọ̀tun, kábúrétọ̀ òkè ni epo ń dé gbẹ̀yìn bí agbára pọ́ńpù bá ti lọ sílẹ̀. Òun ni ebi ń kọ́kọ́ pa. Lọ bi ẹnikẹ́ni tó ń tún two-stroke ṣe.

Dọ̀tun League City · 9:02
Òótọ́ ni pé òun ló ń kọ́kọ́ jìyà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ṣí kábúrétọ̀ náà wò kí wọ́n tó fọ̀ ọ́? Bí ẹ kò bá ṣí i, a kò lè dá họ́ọ̀sì nìkan lẹ́bi.

Kúnlé Alvin · 9:06
Mo gé họ́ọ̀sì sí méjì. Ike náà ti ká jọ sínú rẹ̀. Ẹ̀rí wo la tún ń wá?

Ṣadé Clear Lake · 9:20
Ẹ jọ̀ọ́, Bísọ́lá ń dààmú. Àwọ̀ kọ́ ni ẹ̀bi wà. Họ́ọ̀sì eléérú gidi wà tó ní B1-15 àti ọdún tí wọ́n ṣe é lára. Bísọ́lá, kà á. Bí kò bá sí àkọlé, tàbí bó bá ti ju ọdún márùn-ún lọ nínú oòrùn, pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá ní àkọlé tó dára, tú u níbi tó so mọ́ primer, gé bí ìdajì íńṣì kúrò lórí rẹ̀, kó o fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Ìpele inú gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ rọ́bà yíká láìsí àlàfo.

Wálé Katy · 9:41
Ṣebí ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni ibi tá a ti lè rí epo tí kò ní ethanol rárá? Bí ethanol kò bá sí nínú epo, họ́ọ̀sì àtijọ́ á ṣì lò.

Bàbá Ìbejì Pearland · 9:58
Wálé, họ́ọ̀sì tó ti rọ̀ kò ní padà le nítorí pé epo yí padà. Àti pé Harris, Galveston, Brazoria, Fort Bend títí kan Montgomery wà lára àwọn káúńtì tí ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n máa ta epo àkànṣe nítorí èéfín, ethanol ni wọ́n sì ń pò mọ́ ọn. Ilé epo ẹ̀bá odò kan lè ní aláìní-ethanol, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ. Ó dára fún ọkọ̀ tó máa ń jókòó pẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni ẹ ó bára yín ní ibi tí E10 nìkan wà, epo méjèèjì á sì jọ wà nínú táǹkì kan.

Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn ni E15, tí ethanol inú rẹ̀ tó ìdá 15 nínú 100. EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, fọwọ́ sí i fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 2001 sókè, wọn kò fọwọ́ sí i fún ẹ́ńjìnì ojú omi kankan. Ẹ ka ohun tó wà lára pọ́ńpù dáadáa, nígbà mìíràn nọ́sùlù kan náà ló ń ta méjèèjì.

Táyọ̀ Seabrook · Ọjọ́bọ̀, 6:15 àárọ̀
Ẹ ṣé gan-an. Yamaha 115 ni, four-stroke. Bóòtì 2004. Táǹkì wà lábẹ́ ilẹ̀. Òórùn ti dín kù.

Bàbá Ìbejì Pearland · 7:20
Ó ti lé ní 20 ọdún. Bí kò bá sí ẹni tó ti pààrọ̀ rẹ̀ rí, gbogbo rẹ̀ ni wàá yọ. Oníhò 3/8 ni 115 ń lò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà 5/16 fún ọ. Wọn ọ̀nà tí àtijọ́ gbà kó o tó rà, kó o fi ẹsẹ̀ bàtà 2 kún un.

Kọ́kọ́ ṣí ìdérí ibi tí à ń rọ epo, kí agbára tó wà nínú táǹkì tú. Ẹnu tí epo ń gbà jáde wà lórí táǹkì, kò di dandan kó o gbọ́n epo, àfi bó o bá fẹ́ yọ họ́ọ̀sì ìrọ epo, tí epo sì ti kún dé ọ̀nà rẹ̀. Fi ọ̀bẹ mímú gé họ́ọ̀sì, má lo ayùn irin. Ayùn ń fi ẹ̀rún rọ́bà sínú, ẹ̀rún yẹn ni yóò lọ dí fílítà kékeré tó wà nínú VST (táǹkì kékeré tó ń ya ooru epo sọ́tọ̀) ẹ́ńjìnì rẹ, ibi tí ọwọ́ kì í tètè dé.

Má fa àtijọ́ jáde lásán, wàá sọ ọ̀nà nù. Gé orí rẹ̀, wá igi róbótó tó wọ inú ihò méjèèjì, fi so àtijọ́ àti tuntun pọ̀ lórí-lórí, wé téèpù mọ́ ọn, fi omi ọṣẹ kùn ún. Kí ẹnì kan máa tì láti ọ̀dọ̀ táǹkì, kí ẹnì kejì máa fà níwájú fílítà. A1-15 le ju èyí tó o mọ̀ lọ nítorí ìpele inú rẹ̀. Má ká a ní igun tó há, bó bá ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni yóò máa dí.

Lẹ́nu táǹkì, wàá rí fáàfù kékeré kan tó ní bọ́ọ̀lù àti sípíríǹgì nínú. Ìdọ̀tí tí ethanol hó kúrò lára táǹkì àtijọ́ máa ń há a. Àwọn kan á sọ pé kó o jù ú nù. Má gbọ́ tiwọn. Fáàfù yẹn ni kì í jẹ́ kí epo táǹkì máa ṣàn sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ bí họ́ọ̀sì bá já. Ra tuntun. Bí táǹkì rẹ bá jẹ́ alumíníọ̀mù, má de bàbà mọ́ ọn tààrà, irin aláìdípẹtà ni kó wà láàárín wọn. Fún ojú ìdè, lo sílíǹtì olómi tí wọ́n kọ sí pé bẹntiróòlù kò lè tú. Téèpù funfun ń ya wẹ́wẹ́, á sì bá epo lọ.

Dọ̀tun League City · 7:48
Bàbá, gbogbo ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n A1-15 wọ́n. Họ́ọ̀sì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 30R9, ti ínjẹ́kítọ̀, kò bẹ̀rù ethanol, ooru kì í sì fi bẹ́ẹ̀ la ara rẹ̀ kọjá. Ilé ìtajà ẹ̀yà ọkọ̀ wà ní gbogbo ìkòríta.

Bàbá Ìbejì Pearland · 8:01
Ethanol nìkan kọ́ ni ìṣòro, Dọ̀tun. 30R9 kò ní ìdánwò iná ìṣẹ́jú 2½ tí mo sọ. Lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ tí ooru epo lè kó jọ sí, ìṣẹ́jú 2½ yẹn ni àyè láti gbé ohun ìpaná, kí ènìyàn sì bọ́ sínú omi. Surveyor (olùyẹ̀wò ọkọ̀) tí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò bá rán wá náà á wá àkọlé USCG.

Dọ̀tun League City · 8:06
Fún èyí tó wà ní gbangba ńkọ́?

Bàbá Ìbejì Pearland · 8:09
B1-15 fún gbangba, mo ti sọ ọ́. Ìyàtọ̀ owó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà kò tó ohun tá à ń jiyàn lé lórí.

Ṣadé Clear Lake · 8:33
Bàbá ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Kílíìpù ni mo fẹ́ fi kún un, torí ibẹ̀ ni họ́ọ̀sì tuntun ti ń jò jù. Kílíìpù onísúkúrú tó ní ihò gígùn-gígùn lára ń gé họ́ọ̀sì kékeré, kì í sì í fún un yíká déédéé. Fún 3/8, lo kílíìpù olétí kan, irin aláìdípẹtà, tí à ń fi pílọ́ọ́sì tirẹ̀ fún. Òde họ́ọ̀sì ni kó o wọ̀n kó o tó yan ìwọ̀n kílíìpù, kì í ṣe ihò inú, nítorí A1-15 nípọn. Ti họ́ọ̀sì ìrọ epo, onísúkúrú aláìníhò, fífẹ̀ rẹ̀ íńṣì ½, méjì ní orí kọ̀ọ̀kan. Kílíìpù gbọ́dọ̀ kọjá ibi tó ga lára irin, kó má jókòó lórí rẹ̀.

Fílítà tó ń ya omi sọ́tọ̀, 10 micron, èyí tí à ń yí wọlé. Ra méjì. Ethanol máa hó ìdọ̀tí 20 ọdún, àkọ́kọ́ lè dí láàárín wákàtí mẹ́wàá.

Bó o bá parí, gbé primer dúró, kí ọfà rẹ̀ kọjú sókè sí ẹ́ńjìnì, tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le. Fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Fi bébà funfun fọwọ́ ba gbogbo ojú ìdè, bébà kò gbọdọ̀ tutù. Bí primer bá rọ̀ láìsí ibi tó ń jò, fáàfù inú rẹ̀ ni kò dára.

Bàbá Ìbejì Pearland · 8:50
Kí Kúnlé àti Dọ̀tun fetí sí èyí náà: gééjì ìfàmọ́ra ló ń parí irú àríyànjiyàn àná. So ó mọ́ àárín fílítà àti ẹ́ńjìnì pẹ̀lú họ́ọ̀sì tí ojú ń rí inú rẹ̀, sáré dé òpin. Bí gééjì bá kọjá íńṣì 4 ti mercury, ohun kan há láàárín ibẹ̀ àti táǹkì. Bó bá lọ sílẹ̀ dáadáa, tí afẹ́fẹ́ sì ń kọjá nínú họ́ọ̀sì, ojú ìdè kan ń fa afẹ́fẹ́. Bí méjèèjì bá dára, nígbà náà ni kẹ́ ẹ lọ ṣí kábúrétọ̀.

Kúnlé Alvin · 9:15
Mo gbà fún gééjì, Bàbá. N kò gbà fún eléérú.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ · 10:02
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè kó irú A1-15 yìí ránṣẹ́ sílé? Àwọn ọmọ ìyá mi ń wa ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ rántí epo oní-methanol tó wọ Nàìjíríà ní oṣù Kejì 2022.

Ṣadé Clear Lake · 10:20
Kó o ránṣẹ́ dára. Methanol burú fún rọ́bà àti alumíníọ̀mù ju ethanol lọ, má ṣèlérí fún wọn pé A1-15 kò ní bàjẹ́ láéláé. Fún ẹ́ńjìnì Enduro 40 oní-jẹrikéènì, B1-15 ni wọ́n nílò, kí wọ́n sì ní primer kejì nípamọ́. Jọ̀ọ́, ṣí ojú ìwé tìrẹ fún èyí, kí ọ̀rọ̀ Táyọ̀ má sọnù.

Bísọ́lá Kemah · 12:37 ọ̀sán
Ẹ ṣé o, Àǹtí Ṣadé. Mo gé tèmi, àlàfo ti wà lápá kan. Mo ti yọ ọ́.

Dọ̀tun League City · 1:10
Táyọ̀, ẹ wo epo inú táǹkì yẹn náà. Ẹ fa díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ sínú ìgò tí ojú ń rí inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó fún wákàtí kan. E10 kò lè gbé ju bí ìdajì ìdá kan nínú 100 omi lọ. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ethanol àti omi á ya sọ́tọ̀, wọ́n á sì lọ sísàlẹ̀ níbi tí páìpù ti ń fa epo. Bí ẹ bá rí ìpele méjì, kò sí oògùn inú ìgò tó lè tún un pò. Ẹ gbọ́n gbogbo rẹ̀.

Táyọ̀ Seabrook · Ọjọ́ Ẹtì, 7:48 alẹ́
Ọlọ́run á bù kún yín. Àkókò kò tó láti ṣí ilẹ̀ ọkọ̀ kí Sátidé tó dé. Mo ti ra táǹkì aláṣeégbé galọ́ọ̀nù 12, B1-15 ẹsẹ̀ bàtà 8 pẹ̀lú primer, mo sì ti tú họ́ọ̀sì àtijọ́ kúrò lára ẹ́ńjìnì. Redfish Island nìkan la máa dé. Táǹkì ilẹ̀ á dúró di oṣù tó ń bọ̀. Mo ra fílítà náà, ṣùgbọ́n n kò tíì so ó.

Kúnlé Alvin · 7:55
Àwọ̀ wo?

Táyọ̀ Seabrook · 7:57
Dúdú, ẹ̀gbọ́n. B1-15 wà lára rẹ̀, ọdún rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì Pearland · 8:12
Táyọ̀, táǹkì ilẹ̀ yẹn kò tíì bọ́ nínú ewu. Epo ṣì wà nínú rẹ̀, họ́ọ̀sì tó rọ̀ sì ṣì so mọ́ ọn. Lálẹ́ yìí, tú họ́ọ̀sì náà lẹ́nu táǹkì, fi ìdérí irin onísúkúrú dí ẹnu fáàfù. Họ́ọ̀sì ìrọ epo àti ti afẹ́fẹ́ náà ńkọ́? Fi aṣọ nù wọ́n, kó o gbóòórùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ń rùn, bóòtì kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ lọ́la, yóò yé àlejò.

Bí wọn kò bá rùn, so fílítà yẹn kó o tó sùn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 20 ni. Ní òpin agbára, 115 lè mu bíi galọ́ọ̀nù 11 ní wákàtí kan, rọra lọ: ìdá kan nínú mẹ́ta fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan kò gbọdọ̀ kúrò nínú táǹkì.

Ṣadé Clear Lake · 8:20
Ohun kan tí wọn kì í sọ fún ẹni tó ra táǹkì tuntun: láti 2011, ìdérí táǹkì aláṣeégbé kì í tú afẹ́fẹ́ jáde títí agbára inú rẹ̀ yóò fi tó bíi psi 5. Bí oòrùn bá pa á, á wú, á sì máa ti epo lọ sínú ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ nígbà tí o bá pa á. So fáàfù tó ń dá epo dúró títí ẹ́ńjìnì yóò fi fà á, ó máa ń wà láàárín táǹkì àti primer. Bí o kò bá rí i rà lálẹ́ yìí, tú họ́ọ̀sì lára táǹkì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dúró, kó o sì rọra ṣí ìdérí kí agbára jáde kó o tó tún so ó. Fi bẹ́líìtì de táǹkì náà ní gbangba, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Má tì í sábẹ́ àga.

Táyọ̀ Seabrook · 8:31
Fáàfù yẹn wà nínú páálí rẹ̀, mo rò pé ohun mìíràn ni. Mo ń lọ so ó báyìí. Ti họ́ọ̀sì ìrọ epo, mo máa nù ún lálẹ́ yìí.

Ṣadé Clear Lake · 8:33
Nù ún kó o tó so ohunkóhun. Ṣe é báyìí, kó o kọ ọ́ síbí.

Táyọ̀ Seabrook · 9:04
Aṣọ kò rùn. Ẹnu táǹkì ti dí. Fílítà ti wọlé, primer le, bébà gbẹ.